Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Kíkọ́: Ṣé ká so fúlọ̀ mọ́ ògiri ìpìlẹ̀ ni àbí ká yà wọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́lé lọ́wọ́ nílùú Iléṣà níbí, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ ti jáde, jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, ló kù. Bíríkìlà mi ní ká fi irin so fúlọ̀ mọ́ ògiri yíká kó má baà là, bọ̀dá mi tó wà n'Íbàdàn ní rárá, pé ká fi nǹkan sáàárín wọn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? – Ìyá Ìbejì, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, ó kàn jẹ́ pé fúlọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ kọ́kọ́ bi bíríkìlà yín pé kí ló máa gbé fúlọ̀ yẹn, ṣé ilẹ̀ ni àbí ògiri? Tó bá jẹ́ ilẹ̀, kílẹ̀ gbé e pátá, tó bá jẹ́ ògiri, kógiri gbé e pátá. Ààbọ̀ ààbọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Etí fúlọ̀ á gun orí ògiri, àárín ẹ̀ á wà lórí yẹ̀pẹ̀ tí típà kàn dà síbẹ̀ tẹ́nì kankan ò gún, tójò bá ti rin yẹ̀pẹ̀ yẹn ó máa rọlẹ̀, fúlọ̀ ò sì lè bá a lọ torí ògiri ti dì í mú, ló bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á.

Kọnkéré tún máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, nǹkan bí ìdajì mìlímítà lórí mítà kan. Pálọ̀ tó gùn tó mítà 6, mìlímítà 3 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fi irin dè é lọ́tùn-ún lósì, ibo ló fẹ́ súnkì sí? Yíya ló máa ya.

Torí náà, lápá ibi tílẹ̀ yín ti ga, bọ̀dá yín ló gbà. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ ní ìpele ìpele, 150 mm lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un kó le kẹ́ ẹ tó da òmíì. Náílọ́ọ̀nù á tẹ̀lé e. Àárín ògiri ni kẹ́ ẹ da kọnkéré sí, kì í ṣe orí wọn, kẹ́ ẹ sì to fóòmù funfun tó nípọn tó 12 mm sára ògiri yíká kẹ́ ẹ tó dà á (orí búlọ́ọ̀kù náà nílò náílọ́ọ̀nù tiẹ̀ o, kí ọ̀rinrin má gòkè). Fúlọ̀ 100 mm, ẹ gé ojú ẹ̀ ní mítà 3 sí mítà 3, kó wọlé tó 25 mm, kílẹ̀ ọjọ́ kejì má ṣú kẹ́ ẹ tó gé e.

Ibi tílẹ̀ ti dà sísàlẹ̀ ńkọ́, tí yẹ̀pẹ̀ fẹ́ jìn tó mítà kan? Bíríkìlà ló gbà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irin ẹyọ ẹyọ tí wọ́n ń kì bọ ihò búlọ́ọ̀kù yẹn. Ẹ ṣe é bíi dẹ́kìn (fúlọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì), pẹ̀lú bíìmù àti irin tí ẹnjiníà ti ṣírò, bíi pé kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀. Ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, ẹ yà wọ́n síra, abẹ́ ẹnu ọ̀nà ló dáa jù.

Lápá tí ilẹ̀ gbé, ẹ ṣọ́ BRC náà, ìyẹn irin tí wọ́n hun bí àwọ̀n. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí náílọ́ọ̀nù, wọ́n á da kọnkéré lé e, ó ti parí, kò wúlò mọ́. Ẹ fi bísíkítì, ìyẹn kọnkéré kéékèèké tí wọ́n fi ń ti irin, gbé e sókè, apá òkè fúlọ̀ ló yẹ kó wà. Ẹ má sì jẹ́ kí lébìrà máa bu omi kún kọnkéré kó lè rọrùn fún wọn láti tú. Tó bá ti dì, ẹ máa fomi rin ín fún ọjọ́ 7, pàápàá tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Fúlọ̀ tèmi ti là, ṣé mo lè lẹ táìsì lé e? – Ọ̀gá Tíṣà, Mọdákẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ọwọ́ pa ojú ibi tó là. Tápá kan bá ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ má náwó táìsì o, ilẹ̀ ṣì ń lọ, ẹ wá ibi tómi ń gbà wọbẹ̀. Tó bá dọ́gba, ẹ fi bírò sàmì sí ìparí ibi tó là dé, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ tán ná, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń là kọjá àmì yẹn.