Ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé yẹn o
Màmá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní dírẹ́bà tírélà tó gbá ọmọ yín ní Láfẹ́nwá ní kí ẹ gba N30,000, kí ẹ buwọ́ lùwé pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà! Dírẹ́bà nìkan kọ́ lẹ máa bá fà á. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe lọ́wọ́, òfin máa mú ẹni tó ni ọkọ̀. Inṣọ́ránsì third party, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe, sì pọn dandan fún gbogbo ọkọ̀; nọ́ńbà tírélà náà la fi ń wá ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀ lórí NIID, ìyẹn àkọsílẹ̀ inṣọ́ránsì ọkọ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ọkọ̀ gbá àbúrò mi, rìsíìtì òògùn tí ìyàwó rẹ̀ kó sínú ọ̀rá búrẹ́dì ni lọ́yà fi ṣiṣẹ́. Méjì ti sọnù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó san owó ìyẹn títí dòní. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ọsibítù, ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí owó lọ́yà bá ṣòro, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìlówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, l'Abẹ́òkúta.

Báwo lẹsẹ̀ ọmọ náà báyìí?