Kí nìdí tí ọ̀gá ológun fi ń fi ìbọn kékeré há ìbàdí?

Ẹ ní ọ̀gá ṣọ́jà tí ẹ rí ní Fájuyì, l'Adó-Èkìtì, kò gbé ìbọn gígùn bíi tàwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀, àfi ìbọn ìléwọ́ ní ìbàdí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pàṣẹ, kó máa wo máàpù. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ra gan-an, tàbí tí ìbọn ńlá bá kọṣẹ́, ni kékeré yẹn wúlò. Kò dára fún ọ̀nà jíjìn rárá (ti inú fíìmù, irọ́ ni!). Awakọ̀ òfuurufú ológun náà ń gbé e. M1911 ni ìbọn ìléwọ́ tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yàn títí di 1985, kí òmíràn, Beretta M9 tó ń gba ọta 15, tó dé. Ìbọn ìléwọ́ M17 ti iléeṣẹ́ SIG Sauer ni wọ́n yàn ní 2017.