Fún àbúrò tó fẹ́ máa kó bíà bọ̀ wálé

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tí yóò máa gbé ọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, pé kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti rìn síwájú sọ bíà tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù fún ọ, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá o lè máa kó ìgò díẹ̀ bọ̀ fún bàbá rẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe, láti èbúté dé èbúté, ó sì ṣọwọ́n kéèyàn rí èbúté tí kò ní ilé ọtí nítòsí. Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti ìgò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ló ṣì ń dùn mí.

Má fọwọ́ gbé e wọ bàálù. Mo tún un sọ, má fọwọ́ gbé e.

Òfin 100 mílílítà, pé ohun olómi inú ìgò tó bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ bá ọ kọjá níbi àyẹ̀wò, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Láti 2006 ló ti wà, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá London tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ìgò bíà kò lè kọjá níbi àyẹ̀wò, ìyẹn yé wa. Èyí tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ti ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín sí ọ, á kó ìgò rẹ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó ní etí pupa, á ti rìsíìtì bọ inú rẹ̀, á lẹ ẹnu rẹ̀ pa, á ní kó o má ṣe tú u títí wàá fi délé. Ó parí. Kò ní bi ọ́ pé ibo lo ti máa pààrọ̀ bàálù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Belgium ni mo ti ń bọ̀. Rochefort 10 ni mo rà, pẹ̀lú Orval, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá elétí pupa yẹn. Mo dé pápákọ̀ òfurufú tí mo ti máa wọ bàálù kejì (mi ò ní dárúkọ wọn), wọ́n ní ká tún tò fún àyẹ̀wò. Obìnrin àkọ́kọ́ gbé ọ̀rá náà sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì. Rìsíìtì náà ti ká sẹ́yìn ìgò kan ni. Téèyàn bá gbọn ọ̀rá náà díẹ̀, ọjọ́ á yọ. Mo ní kó gbọ̀n ọ́n. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbọ̀n ọ́n. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé, kò tiẹ̀ wo rìsíìtì, ó ní rìsíìtì kọ́ ni wàhálà, pé ọ̀rá láti ibi tí mo ti ń bọ̀ ni àwọn kì í gbà. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó nàka sí bébà kan lára ògiri. Mo kà á tán, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọyín àti ìpara ló wà níbẹ̀. Ẹnì kẹta dé, òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn fa ike ńlá kan sún mọ́ tòsí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ṣé mo lè padà síta lọ kó wọn sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù? Wọ́n ní ẹrù mi ti lọ. Ṣé mo lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n mu ún? Rárá. Ṣé kí ẹnì kan nínú yín máa mú un lọ sílé, kó má kàn ṣòfò? Ọ̀gá ní ṣé mo fẹ́ fún òun ní rìbá ni? Wọ́n sì ti ń pe àwa tá ò tíì wọ bàálù. Ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ yẹn ń mú ìgò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jù wọ́n o, ó ń tò wọ́n sínú ike náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ wọn dojú kọ òkè, bí ìyá tó ń to ọjà sórí àtẹ. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó fẹ́ da nǹkan nù kì í tò ó báyẹn.

Mo kọ lẹ́tà. Wọ́n fèsì lẹ́yìn tí mo ti gbàgbé, pé ẹ̀ṣọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nítorí náà, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn nípa ọ̀rá yẹn, ọwọ́ ẹni tó bá ṣojú korókoro níwájú rẹ ló wà. Bí bàálù rẹ kò bá lọ tààrà, fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀.

Abẹ́ bàálù nìkan ló kù. Fi aṣọ wé ìgò, tì í bọ inú ọ̀rá, gbé e sí àárín báàgì, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òfin nípa ohun eléwu nínú ọkọ̀ òfurufú kò ka ọtí tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí nǹkan kan, bíà kò sì sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ni kó o bẹ̀rù. Britain máa ń jẹ́ kéèyàn kó lítà 42 bíà wọlé láìsanwó, European Union gba lítà 16 lọ́wọ́ ẹni tó ti òde wá, Australia gba lítà 2.25 péré, gbogbo ọtí lápapọ̀. Ní Saudi Arabia àti Kuwait, má tiẹ̀ dán ìgò kan ṣoṣo wò. Ti Sharjah náà máa ń kó ọmọlúàbí sí wàhálà: Dubai tó bá a pààlà ń ta ọtí, Sharjah ò fàyè gbà á rárá. Tó bá jẹ́ ti bàbá ni, Chimay ti Belgium àti Guinness dé ibi púpọ̀ láyé, ra á fún wọn nítòsí ilé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ohun tó tiẹ̀ wá dá mi lẹ́kun ìgò gbígbé nìyí: èyí tó dùn jù nínú bíà kì í rìn. Mú Plzeň, ní Czech. Josef Groll, ọmọ Bavaria, ló pọn lágà (bíà tí wọ́n ń pọn nínú òtútù) aláwọ̀ wúrà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1842, òun ni Pilsner Urquell tó kárí ayé lónìí. Èyí tó wà nínú ìgò dára. Ṣùgbọ́n wá ilé ọtí tó ń ta èyí tó wá tààrà láti inú táǹkì, tí wọn ò fi ooru pa ohunkóhun nínú rẹ̀. Kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi jìnnà sílé. Ìfòfó rẹ̀ nípọn, ó funfun, ó sì máa ń fi òrùka sílẹ̀ lára ife níbi tí ẹnu rẹ dé ní gbogbo ìgbà tó o bá gbé e mu. Agbáwo á fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sórí bébà kékeré lórí tábìlì rẹ fún ife kọ̀ọ̀kan. Má sọ bébà yẹn nù, òun ni owó tó o jẹ.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn bíà á sọ fún ọ pé lágà kì í ṣe nǹkan tí ẹni tó lẹ́nu máa ń mu. Mo ti jókòó tì wọ́n. Wọ́n á fi imú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sọ pé àwọn gbọ́ òórùn èso báyìí báyìí, bíà á ti gbóná lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mu ún. Àwọn náà kan náà ló máa ń rán ọ lọ ra bíà inú ìgò aláwọ̀ ewé tó ti wà nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ohun kíkorò tí hópù, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn ọtí, fi sínú bíà jẹ́, á wá máa rùn. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń dènà rẹ̀ dáadáa. Aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, èyí tó mọ́ gaara burú jù.

Ní Köln, ní Germany, ife Kölsch, bíà ìlú náà, kò ju 0.2 lítà lọ. Bó o bá ṣe ń mu ún tán ni wọ́n á máa gbé òmíràn wá láìbi ọ́, àfi tó o bá fi páálí ìgbéfe bo ẹnu ife rẹ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ.

England: àwọn èèyàn á ní bíà wọn gbóná. Kò gbóná. Èyí tí ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú àgbá rẹ̀, láàárín 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀, tí wọ́n bá sì ti ṣí àgbá, ọjọ́ díẹ̀ ló ní. Òun náà ò ṣeé gbé wálé. Bia hơi ti Hanoi, ní Vietnam, ńkọ́? Wọ́n ń pọn ọ́n lójoojúmọ́, ó fúyẹ́, ẹsẹ̀ títì lo ti máa mu ún lórí àga ike kékeré. Òun ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn iṣẹ́ yàrá ẹ́ńjìnnì, mi ò sì ní jiyàn pẹ̀lú ọ̀mọ̀ràn kankan lórí ìyẹn.

Tó o bá dé Mombasa, ní Kenya, Tusker ni. 1922 ni ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọ́n bẹ̀rẹ̀. Erin ló pa George Hurst tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, erin náà ló wà lára ìgò títí dòní. Wọ́n á bi ọ́ bóyá tútù lo fẹ́ tàbí èyí tí kò tutù. Tútù ni kó o ní. Guinness ti Dublin, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Padà sí Belgium, torí ibẹ̀ lewu fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Westvleteren 12, ìdérí yẹ́lò lo fi máa dá a mọ̀. Kó o tó lè ra á gbé lọ, o ní láti gba àyè lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì tó ń pọn ọ́n, ṣùgbọ́n ilé ọtí tó kọjú sí ilé wọn ò nílò ìyẹn. Jókòó síbẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò kan sì ní ọtí tó tó gírámù 26. Ara máa ń mú bíi gírámù 8 kúrò ní wákàtí kan, kọfí àti omi tútù ò lè lé e sáré. Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ. Láti 2012 ni òfin àgbáyé ti ní kí atẹ́gùn ẹnu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi má ju 0.25 mílígírámù ọtí lọ nínú lítà kan, ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì ní òdo làwọn fẹ́. Èmi kì í mu ju ìgò kan lọ tí iṣẹ́ bá wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Norway náà o: àwọn ṣọ́ọ̀bù kì í ta bíà kọjá aago mẹ́jọ alẹ́, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Sátidé, wọn kì í sì ta á lọ́jọ́ Sunday. Èyí tó bá lágbára ju ìdá 4.7 lọ, ṣọ́ọ̀bù ìjọba ni. Ra tìrẹ kó o tó lọ wẹ̀.