Díìṣì onímọ́tò tó ń rí àárín nìkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní díìṣì onímọ́tò yín ní Ìbàdàn ń gbé sátẹ́láìtì 5°E (èyí tó wà ní ìwọ̀n 5° ìlà-oòrùn) dáadáa, àmọ́ kò rí ti 36°E rárá. Ẹ má tíì dá mọ́tò lẹ́bi o. 5°E fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gan-an, nǹkan bí 81° sókè. Bí ojú mọ́tò bá tiẹ̀ fi 3° yẹ̀ kúrò ní gúúsù, díìṣì á ṣì gbé e. Ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni àṣìṣe yẹn ti ń hàn.

Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wo òpó yíká. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ fi latitude (bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé) ara mọ́tò sí 7.4°. Nínú USALS, ètò inú dikóódà tó ń ṣírò ibi tí mọ́tò máa yí sí, ẹ kọ ibi tí ẹ wà: 3.9 East, 7.4 North; ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé láti yí West tó wà níbẹ̀ sí East.

Ẹ wá darí rẹ̀ sí 36°E, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó di mọ́tò mọ́ òpó, kí ẹ yí mọ́tò àti díìṣì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí Quality (bí àmì ṣe dára tó, lójú tẹlifíṣàn) á fi gòkè. Ẹ má tẹ díìṣì nìkan.

Ẹ dẹ wáyà tó ti mọ́tò lọ sí LNB (orí kékeré tó ń gba àmì níwájú díìṣì) sílẹ̀ dáadáa: bó bá le, á máa fa LNB yí nígbà tí díìṣì bá ń rìn.