Ẹ̀yin Béèrè, A Dáhùn: Ṣé Ó Yẹ Kí N Ra Géèmù Eré Tí Mo Ti Wò?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti wo eré The Last of Us lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ó tún yẹ kí n ra géèmù rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó yẹ gan-an. Neil Druckmann, tó kọ ìtàn géèmù náà tó jáde ní ọdún 2013, wà lára àwọn tó ṣe eré tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO gbé jáde ní ọdún 2023, eré náà sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, lẹ́yìn tí Ellie, ọmọdébìnrin inú ìtàn náà, bá ti fọwọ́ ra àgùnfọn lọ́rùn, tí òun àti Joel, ọkùnrin tó ń dáàbò bò ó, sì ń wo agbo àwọn àgùnfọn lókèèrè, ẹnikẹ́ni kò ní lé yín: ẹ lè dúró títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì darí Joel kúrò níbẹ̀.