Sáfà kékeré, wàhálà ńlá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé sáfà Mastodon kékeré kan kalẹ̀ (ìkànnì àjọlò téèyàn lè fi kọ̀ǹpútà tiẹ̀ gbé kalẹ̀, táá sì máa bá sáfà àwọn míì sọ̀rọ̀) fún àwa 23 tá a jọ jáde sùkúù, àmọ́ dísìkì ti kún bámúbámú, àwọn àjèjì sì ti ń wọlé wá da ìpolówó síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ti dísìkì yẹn, ẹ̀yin 23 kọ́ lẹ kún un o, gbogbo fọ́tò àti fídíò táwọn tẹ́ ẹ ń fọ́lò ní sáfà míì bá gbé síta ni tìẹ náà ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́. Tẹ àṣẹ yìí sórí sáfà náà: tootctl media remove, á kó èyí tó ti ju ọjọ́ 7 lọ dànù, kò ní fọwọ́ kan fọ́tò tiyín.

Ti àwọn àjèjì, ìwọ lo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ní February 2024 irú sáfà kéékèèké tí ò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ báyìí làwọn onísípáàmù, àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́nì kan ò béèrè yọni lẹ́nu, gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí Mastodon 4.2.8 fi sọ ọ́ di pé, lórí sáfà tuntun, ìforúkọsílẹ̀ á wà ní títì títí ọ̀gá sáfà á fi ṣí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Tó bá wá jẹ́ sáfà míì ló ń yọ yín lẹ́nu, jọ̀ọ́, Limit (tó kàn ń fi wọ́n pamọ́ fẹ́ni tí ò fọ́lò wọn) ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, má sáré tẹ Suspend (tó ń gé gbogbo okùn tó wà láàárín sáfà méjèèjì). Èmi sáré tẹ Suspend rí nítorí aláriwo kan ṣoṣo, gbogbo fọ́lówà tí ọ̀rẹ́ mi ní lọ́hùn-ún pòórá, mo yí i padà, wọn ò padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ò fi kí mi.