Átíṣóòkì Ẹ̀yìnkùlé Tó Ń Yọ Ewé, Tí Kò Yọ Òdòdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi tó wà ní Ítálì ló fi irúgbìn átíṣóòkì (artichoke), ewébẹ̀ òkè òkun kan, ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọmọ átíṣóòkì, àwọn kéékèèké, ni kí n máa ká, pé odidi ni wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Mo gbìn ín lóṣù kẹrin. Ewé rẹ̀ ti ga dé orúnkún mi báyìí, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan ká. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Tó bá sì so, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, mà. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tí kò dára. Òtútù ni kò tó.

Òdòdó tí kò tíì là ni wọ́n ń jẹ lára átíṣóòkì. Kó tó lè ta òdòdó ọ̀hún, ó máa ń fẹ́ rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irú èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ dígírì Celsius 10. Ìgbà òtútù Ítálì ń fún un ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọyẹ́ oṣù kejìlá tó ń la ètè wa yẹn kì í sábà lọ sísàlẹ̀ dígírì 15. Àwa ń wá aṣọ bora, átíṣóòkì kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ bi ọmọ yín léèrè irú irúgbìn tó rà. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Imperial Star, tí wọ́n dìídì mú jáde kó lè ta òdòdó lọ́dún tí wọ́n bá gbìn ín; òtútù tó ń fẹ́ kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Bí irúgbìn bá ṣì kù lọ́wọ́ yín, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ jẹ́ kó la ẹnu díẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ tútù wé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin (bí iná bá gbà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí). Oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ ṣe é, kó lè dàgbà bọ́ sínú ọyẹ́, torí ooru líle lè pa òtútù tó ti rí rẹ́. N kò ṣèlérí o. Ó kàn lè mú kó rọrùn fún un láti ta òdòdó ni.

Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fà á tu. Ẹ la ojú àgbàrá sí i kí omi má dúró nídìí rẹ̀. Èmi náà gbin mẹ́fà nígbà kan, mẹ́rin jẹrà nínú òjò oṣù kẹsàn-án. Méjì tó kù kò fún mi ju ewé lọ, ni mo bá jẹ ọ̀pá ewé náà. Ẹ kó ewé rẹ̀ jọ, ẹ fi okùn dì í, ẹ fi àpò wé e kí oòrùn má kàn án fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pá náà á funfun, kíkorò rẹ̀ á dínkù. Ẹ bó àwọn fọ́nrán líle ara ọ̀pá náà kúrò, ẹ bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀. Ó ṣì máa korò díẹ̀: ìdílé kan náà ni òun àti ewúro àti yánrin.

Ọ̀rọ̀ "ọmọ" yẹn fẹ́ àlàyé. Ẹni tó bá ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí á rò pé ọmọ tó ń hù nídìí ni. Átíṣóòkì ní irú ìyẹn náà, òun ni wọ́n ń gé láti fi gbin òmíràn. Èyí tí ọmọ yín ń sọ ni àwọn òdòdó kéékèèké tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, lábẹ́ ńlá tó wà lórí. Wọn kì í tóbi, torí ti òkè ló ń gba oúnjẹ. Àǹfààní wọn ni pé irun inú tó máa ń háni lọ́fun kò tíì hù nínú wọn. Bí ó bá ti tó ẹyin adìẹ, tó ṣì dì pinpin, ẹ ká a.

Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́ omi, torí kíá ló ń dúdú bí iṣu tí a bẹ sílẹ̀. Ẹ máa ya ìpẹ́ òde dànù títí ẹ ó fi kan èyí tó rọ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin. Kò ní ṣẹ́ kù púpọ̀, ẹ má bínú. Ẹ gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò, ẹ là á sí méjì, ẹ jù ú sínú omi ọsàn náà. Ẹ fi iyọ̀ bọ̀ ọ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkòkò irin á sọ ọ́ di dúdú, ti tánganran ló dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró díẹ̀, àlùbọ́sà, aáyù àti ata gígún dín in títí etí rẹ̀ á fi gbẹ. Èmi kì í fi irú sí i, òórùn irú á bò ó mọ́lẹ̀. Iṣu sísè ni mo fi ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá mu omi lé e, omi náà lè dùn lẹ́nu yín bí ìgbà tí ẹ jẹ àgbáyun. Ẹ má bi àwọn ọmọ ilé pé ta ló da ṣúgà sí i.